Ìyá Àgbà àti Oyún Ìsípẹ́kítọ̀ Àṣàbí

Nígbà tí a sin ìyá àgbà mi tán, tí àwọn ààfáà ṣe àdúrà, tí àwọn èèyàn sì ti ń jẹ sàráà, ìyá arúgbó kan láti ìsàlẹ̀ àdúgbò fà mí lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá yẹn dà? Ṣé wọn ò fún un láyè ni?"

Mo ní, "Ó wà lẹ́nu iṣẹ́, mà."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ó mà ṣe o, nítorí olóògbé ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni tó ọmọ yẹn. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí i, kí n bá àwọn gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Mo kúnlẹ̀, mo ṣèlérí pé màá jíṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń wí yìí kò sí láyé. Kò tilẹ̀ wà rí. Ìsípẹ́kítọ̀ Àṣàbí ni, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó lóyún nínú ìtàn ọ̀daràn tí èmi fúnra mi ń kọ. Mo mọ̀ pé tí èèyàn bá fẹ́ rántí àgbà tó lọ, ilé tí wọ́n bí wọn sí àti ọkọ tí wọ́n fẹ́ ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyẹn, kó lọ bi àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọn ò sì ní dákẹ́ bọ̀rọ̀. Èmi ní tèmi, ohun tí mo mọ̀ ni pé ọlọ́pàá tí kò sí láyé yìí ló gba gbogbo ọkàn ìyá àgbà mi ní ìgbẹ̀yìn ayé wọn, àti pé èmi àti wọn jà lórí rẹ̀ bí ẹni ń jà sí ilẹ̀ bàbá ẹni.

Ìyá Onírú ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí irú ni wọ́n ń ṣe tà ní Ìwó láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní wúndíá. Ẹni tó bá mọ irú ṣíṣe mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ oníwàdùwàdù. A ó sè é, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bó, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un sè, a ó wá bò ó mọ́lẹ̀ títí òórùn rẹ̀ yóò fi sọ fún wa pé ó tó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń yọ́ lọ ṣí i wò. Ìyá á gbá mi lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Ohun tí a bò ló ń peni. Àwa kọ́ là ń pè é."

Imú wọn ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ju ojú lọ. Wọ́n ní irọ́ ní òórùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí iwájú ilé wa lọ́jọ́ kan, ó ń sunkún pé wọ́n ti jí ọ̀kadà òun gbé láti ìjẹta, kí àwọn ẹlẹ́yinjú àánú ran òun lọ́wọ́. Àánú rẹ̀ ti ń ṣe mí. Ìyá ní kó sún mọ́ àwọn, wọ́n fa imú, wọ́n ní, "Bẹntiróò ń run lára rẹ. Ẹni tí wọ́n jí ọ̀kadà ẹ̀ láti ìjẹta kì í run bẹntiróò." Ọmọkùnrin náà nu ojú nù, ó kí wọn dáadáa, ó rìn dé ẹ̀yìn ilé aládùúgbò wa, a sì gbọ́ ìró ọ̀kadà rẹ̀ bó ṣe ń gùn ún lọ.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú etí tí mo ń kàwé sí.

Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo ṣì ń rá. Ẹ̀yìn Ìyá Onírú ni mo dàgbà sí, inú òórùn irú ni mo ti kọ́ ábídí. Nígbà tí mo wá di tíṣà, tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìyá, mo padà sí ilé wọn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti kírun aláàsárì tán, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, èmi á sì ka ohun tí mo kọ fún wọn láti orí fóònù mi.

Ìtàn náà kò le. Olè kan ń jí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó kọ́kọ́ jí ti mọ́sáláṣí kan ní Kuta, ó tún jí ti ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Olúpọ̀nnà. Àwọn mùsùlùmí fura sí àwọn onígbàgbọ́, àwọn onígbàgbọ́ fura sí àwọn mùsùlùmí, ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Ni wọ́n bá fi ọ̀ràn náà lé Ìsípẹ́kítọ̀ Àṣàbí lọ́wọ́, tòun ti oyún oṣù méje.

Mo ka orí kìíní tán, mo ń retí kí wọ́n yìn mí.

"Kí ló gbé e dé Kuta?" Ìyá bi mí.

"Ọ̀kadà ni, mà."

"Ọ̀kadà! Oyún oṣù méje! Ọ̀nà Kuta yẹn!"

Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọn ò gbọ́ orí kejì títí mo fi yí i padà. Mo ṣàlàyé pé mọ́tò àgọ́ ọlọ́pàá kò ní epo, wọ́n ní àwọn gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà. Bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi ṣe di ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ lé olè nìyẹn. Olè gun ọ̀kadà, ọlọ́pàá wọ kẹ̀kẹ́, Ìyá sì fi dandan lé e pé kí ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ máa rọra níbi tí kòtò bá wà. Kòtò wà níbi gbogbo. Mo ní, "Ìyá, olè ti sá lọ o."

Wọ́n ní, "Kó máa sá. Yóò rẹ̀ ẹ́. Oyún ńkọ́?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ píìnì. Ìyá ní aboyún kì í rìn lọ́sàn-án gangan láìfi píìnì há aṣọ níbi ikùn, kí ohun tí kò dára má baà wọ inú lọ bá ọmọ. Gbogbo ọ̀sán sì ni Àṣàbí ń rìn nínú oòrùn. Mo ní aṣọ ọlọ́pàá ni, ìjọba kò gbà kí wọ́n há nǹkan mọ́ ọn, ọ̀gá rẹ̀ lè fìyà jẹ ẹ́. Ìyá wò mí bí ẹni wo ọmọ tí iná mọ̀nàmọ́ná gbé.

"Ìjọba ló ni aṣọ," wọ́n ní. "Àwa la ni inú."

Mo há píìnì mọ́ ọn.

Ṣé ẹ rò pé wọn ò mọ̀ pé ìtàn ni? Wọ́n mọ̀. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan tí inú bí mi, nítorí mo gbọ́ tí wọ́n ń bẹ oníṣu pé kó bá àwọn yan èyí tó dára, ọmọ àwọn kan wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá tí oyún ń jẹ́ kí iṣu máa wù ú jẹ. Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo dá obìnrin yìí o!"

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ lo dá a. Ọlọ́run ló dá ìwọ náà. Ṣé ìyẹn wá ní ká má fún ẹ lóúnjẹ?"

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ń bá Ìyá jà déédéé ni Ìyá Dékọ́ńì, onítẹ̀bọmi, tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Àwọn náà máa ń gbé àpótí ìjókòó wọn wá gbọ́ ìtàn. Ìjà wọn ni pé ẹ̀sìn wo ni Àṣàbí ń ṣe. Mo ti fi ọgbọ́n yan orúkọ tí kò fi ẹ̀sìn kankan hàn, mo rò pé mo gbọ́n. Ìyá ní mùsùlùmí ni, nítorí ó máa ń fọ ẹsẹ̀ kó tó wọlé. Ìyá Dékọ́ńì ní onígbàgbọ́ ni, nítorí ó máa ń kọrin tó bá ń gbálẹ̀. Ìyá ń fi tẹ̀sùbáà gbàdúrà fún un. Ìyá Dékọ́ńì lọ sọ fún ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn pé kí wọ́n fi arábìnrin kan tó lóyún lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá sínú àdúrà. Wọ́n sì gbàdúrà fún un tọkàntọkàn. Mi ò rò pé aboyún kankan rí àdúrà gbà tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìwó.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà òjò kan tí ikọ́ bá Ìyá jà. A gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà pe èmi àti bàbá mi, tó jẹ́ ọmọ wọn, sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ní ọkàn wọn ti rẹ̀, pé ká máa fi ọwọ́ ẹ̀rọ̀ mú wọn, nítorí kò sí bí kò ṣe lè rí. Mo padà wọlé, mo gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ìyá fa imú sí mi.

"Kí ni dókítà wí? Má purọ́, màá gbọ́ òórùn ẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìrọ̀rí wọn ṣe. Wọ́n bá ní, "Gbọ́. Mi ò lọ síbì kankan. Obìnrin yẹn ò tíì bí. Tó bá bí, tí mo gbọ́ igbe ọmọ, kí Ọlọ́run wá ṣe bó ṣe wù Ú."

Bẹ́ẹ̀ ni ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, Àṣàbí ti ń rọbí. Mo ti kọ ọ́ dé ibi tí omi fẹ́ ya. Mo délé, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní tàn yín. Wọ́n nìkan ni ìyá tí mo ní. Bí Ìyá bá sọ pé àwọn ò ní kú títí obìnrin kan yóò fi bímọ, tí ọwọ́ mi sì ni oyún náà wà, ta ni yóò wá sọ fún mi pé kí n jẹ́ kó bí?

Ìrọbí náà wá di inú rírun lásán. Ìyá kúrò ní ọsibítù. Ara wọn yá díẹ̀, mo jẹ́ kí ìrọbí bẹ̀rẹ̀, kí ìtàn lè dùn. Ikọ́ tún dé, mo dá a dúró. Olè tún jí ẹ̀rọ míì. Mo gbé Àṣàbí lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú mìíràn, mo gbé e padà. Òjò rọ̀, ọyẹ́ dé, òjò tún rọ̀. Olè náà ti jí gbohùngbohùn tó lè kún ilé kan, oyún ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá fi ìka ka oṣù títí ìka ọwọ́ tán, wọ́n kan ti ẹsẹ̀. Ìyá Dékọ́ńì ní, "Ṣé erin ni obìnrin yìí ni?"

Ìyá ránṣẹ́ pe ààfáà àdúgbò. Ààfáà tẹ́tí sílẹ̀, wọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n bi mí bóyá ọkọ obìnrin náà wà nílé. Mo ní ó wà nílé. Wọ́n wá ní nínú ìwé àwọn àgbà onímọ̀, oyún lè sùn nínú ìyá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kó tó jí. Inú mi dùn débi pé mo bá wọn gbé ìwé wọn títí dé ìta gbangba.

Ṣùgbọ́n Ìyá ò gbà. Wọ́n ní, "Oyún tó sùn kì í mira. Àbẹ̀kẹ́ ń kọ ọ́ pé ọlẹ̀ ń sọ nínú obìnrin yìí. Oyún yẹn ò sùn. Ẹnì kan ló dè é mọ́lẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá ti di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Wọ́n ní kí n máa ka ibi tí mo ti kà kọjá fún àwọn. Wọ́n á di ojú, wọ́n á ní, "Ìrọbí yìí, ìgbà wo lo kọ ọ́? Ká tó lọ ọsibítù ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?" Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń ṣe wọ́n. Mo ń dáhùn láìronú, bí ọ̀daràn tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, mo bá ààfáà àti Ìyá Dékọ́ńì lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé wa. Ìyá jókòó sáàárín, wọ́n wé gèlè. Wọ́n ní kí n jókòó sílẹ̀.

"Mo ti mọ ẹni tó de oyún yẹn," wọ́n ní.

Ààfáà ní, "Bísímílà."

"Mo kọ́kọ́ fura sí ìyá ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ti ra aṣọ ọmọ, ó ti ra fìlà. Ẹni tó ti ra fìlà kì í de oyún. Mo fura sí olè. Òótọ́ ni pé olè ò fẹ́ kí ọlọ́pàá bí, nítorí tó bá bí tán, yóò lè sáré. Ṣùgbọ́n olè ò mọ ilé rẹ̀. Mo wá fura sí ọ̀gá rẹ̀ ní àgọ́. Ọ̀gá yẹn ò tilẹ̀ rántí pé ó lóyún."

"Òótọ́ ni," Ìyá Dékọ́ńì ní. "Wọn ò rántí."

"Ó wá ku ẹnì kan. Tí mo bá ń húkọ́, ìrọbí á lọ. Tí ara mi bá yá, ìrọbí á dé. Ìgbà gbogbo ni. Ta ló ń gbọ́ ikọ́ mi? Ta ló ń gbé omi gbígbóná fún mi?"

Gbogbo wọn wò mí. Ìyá Dékọ́ńì pariwo, "Jésù!" Ààfáà rọra fa aṣọ wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo kúnlẹ̀, ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, mà. Ẹ ní tó bá bí, ẹ̀ẹ́ lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ."

Ìyá ò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n fà mí mọ́ra, òórùn irú aṣọ wọn bò mí lójú, wọ́n fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń gbá ọmọ ọwọ́ kó lè gùnfẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ikú kì í kàwé," wọ́n ní. "Tú obìnrin yẹn sílẹ̀."

Mo tú u sílẹ̀. Àṣàbí tọpasẹ̀ olè dé ahéré kan láàárín Kuta àti Olúpọ̀nnà. Ó bá a níbẹ̀ láàárín gbogbo gbohùngbohùn tó ti kó jọ. Bó ṣe fẹ́ fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ ni omi ya. Olè lè sá lọ. Kò sá. Ó so gbogbo gbohùngbohùn náà pọ̀ mọ́ iná, ó sì pariwo, "Ẹ gbà wá o! Aboyún ń rọbí o!" Kuta gbọ́, Olúpọ̀nnà gbọ́, Ìwó náà gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin mùsùlùmí àti obìnrin onígbàgbọ́ sáré dé pẹ̀lú omi gbígbóná, wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀, wọ́n mú olè, oníkálukú sì gbé gbohùngbohùn tirẹ̀ lọ sílé.

Mo kà á fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi tí ọmọ ti ké, mi ò lè gbé ojú sókè. Mo gbọ́ tí Ìyá ní, "Alihamudulilai." Wọ́n tún ní, "Ako ni àbí abo?"

"Abo ni, mà."

Wọ́n bọ́ síta láìmú ọ̀pá, wọ́n ń kéde láti ilé dé ilé. Àwọn èèyàn ń wá bá mi, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ kú ewu ọmọ o!" Ìyá Dékọ́ńì gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, wọ́n rántí pé kò sí ẹni tó máa mu ún, èmi ni mo mu ún.

Ìyá ní dandan, ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìsọmọlórúkọ. Nígbà tó pé ọjọ́ kẹjọ, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n fi ìrọ̀rí sí i, wọ́n gbé fóònù mi sórí ìrọ̀rí, wọ́n fi aṣọ bò ó dé ọrùn. Ààfáà wò ó títí. Ẹni iyì ni wọ́n, wọn ò sì fẹ́ já arúgbó kulẹ̀. Wọ́n ní ìrun ni a máa ń pè sí ọmọ létí. Wọ́n gbé fóònù náà, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ń wá etí rẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n kọjú sí èmi tí mo kọ ọ́, wọ́n ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn fún Ìyá àti fún gbogbo wa. Ayọ̀bámi ni Ìyá sọ ọmọ náà, Ìyá Dékọ́ńì sì fara mọ́ ọn.

Mo ń ṣọ́ Ìyá lẹ́yìn ọjọ́ yẹn bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Wọ́n jí lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní mi ò fi ata sínú ọbẹ̀ ọlọ́mọ tuntun tó. Wọ́n jí lọ́jọ́ kẹta, wọ́n bá mi jà lórí yangan tí mo rà. Oṣù ń yí lu oṣù. Ọmọ jókòó, ọmọ rá. Àṣàbí fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, Ìyá sì bi mí pé ta ni yóò máa tọ́jú ọmọ. Mo ní mi ò tíì mọ̀.

"Kó gbé e wá fún mi," wọ́n ní.

Mo bá fi Ìyá sínú ìtàn. Ìyá Onírú kan ní Ìwó pọn Ayọ̀bámi, wọ́n ń tẹ irúgbá, wọ́n ń kọrin fún un. Mo kà á fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Wọ́n kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan lórí ẹní ìrun wọn, lẹ́yìn tí wọ́n kí àsùbáà tán. Mo gbé omi gbígbóná dé, mi ò rí ẹni gbà á.

Èmi àti Ìyá Dékọ́ńì ló kù lórí bẹ́ǹṣì. Mo ń kọ, mo ń kà fún wọn. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ, Ìyá Onírú pọn ọmọ lọ sọ́jà, wọ́n pọ̀n ọ́n bọ̀. Ọmọ hu eyín lẹ́yìn wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn. Ó tó ọmọ iléèwé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ kan ilẹ̀, mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀ ọ́. Ìyá Dékọ́ńì ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ yìí ti wúwo. Ẹ̀yìn á ti máa dun Ìyá Onírú."

Mo sunkún lọ wọlé. Lánàá ni mo wá kọ ọ́. Ìyá Onírú tẹ̀ ba níwájú àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n tú ọ̀já. Ọmọ sọ̀ kalẹ̀, ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ìyá Onírú ká ọ̀já wọn, wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n sì lọ sílé.